Orí Kẹfà: Láàrin Ìjánu àti Kànnàkànnà — Ààbò àti Títún Ìwọ̀n Ṣe nínú Ohun Èlò Orí fún Eyín Títò

Ohun tí ẹ óò lè ṣe lẹ́yìn orí yìí

1. Ẹ óò lè dárúkọ àwọn ẹ̀yà ohun èlò orí, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.
2. Ẹ óò lè ṣírò agbára tó sá pamọ́ sínú rọ́bà tí a fà.
3. Ẹ óò lè ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn aṣàpẹẹrẹ ń gbà fi ààbò sínú ohun èlò yìí, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí.
4. Ẹ óò lè pín àtúnṣe ìwọ̀n sí èyí tí a lè fi lé ará ilé lọ́wọ́ àti èyí tó jẹ́ ti dókítà nìkan.

6.1 Ohun tí ìjánu kọ́ wa

Iṣẹ́ awọ kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀yọ́. Kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ òní dó ní àwọn ọdún 1830, nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ẹṣin ni ìgbẹ́kẹ̀lé ogun wọn ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ẹṣin kò sì ṣeé gùn sójú ogun láìsí gàárì àti ìjánu. Lónìí, tìmùtìmù àti àpò ni ọ̀pọ̀ ń rà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nínú ìjánu ṣì wúlò fún wa.

Ẹ wo ìjánu dáadáa. Irin wà lẹ́nu ẹṣin. Okùn awọ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì lọ sí ẹ̀yìn etí. Wọ́n lu ihò sí okùn náà kí ó lè bá orí ẹṣin kékeré àti ńlá mu. Bí okùn bá dẹ̀ jù, irin á máa lu eyín ẹṣin. Bí ó bá le jù, á gé e lẹ́nu. Ọwọ́ ẹlẹ́ṣin ló ń fa ìjánu. Nígbà tí ọwọ́ yẹn bá dẹ̀, ìfà náà dópin lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ẹ tún wo kànnàkànnà tí àwọn ọmọdé fi ń lé ẹyẹ lóko. Rọ́bà ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọwọ́ bá fi sínú rọ́bà nígbà tó ń fà á, rọ́bà á dá a padà lójijì nígbà tí ọwọ́ bá já.

Ohun èlò orí tí dókítà eyín ń lò, tí wọ́n ń pè ní hẹ́ẹ̀dìgíà, jọ ìjánu lójú: irin wà lẹ́nu, okùn wà lórí. Ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ ẹlẹ́ṣin níbẹ̀. Rọ́bà tàbí sípíríǹgì ló ń fà á, kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́. Ìjánu tó ní kànnàkànnà nínú ni. Ìbéèrè tí orí yìí dá lé ni èyí: báwo ni a ṣe máa ṣe é tí kò fi ní di kànnàkànnà láé, ihò yòówù kí okùn rẹ̀ wà?

6.2 Kí ni ohun èlò orí ń ṣe?

Ẹni tó fẹ́ ti ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ ní láti rí ibi tó le fi ẹsẹ̀ tì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà bá wà nínú ẹrẹ̀, òun àti ọkọ̀ ni yóò jọ máa yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín rí. Bí dókítà bá so wáyà mọ́ eyín kan láti fa òmíràn, eyín méjèèjì ni yóò sún, nítorí inú egungun kan náà ni wọ́n fìdí múlẹ̀ sí. Ohun tí a nílò ni ibi ìfẹsẹ̀tì tó wà lóde ẹnu. Ọrùn àti orí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ọmọ tó ṣì ń dàgbà ni a sábà máa ń fi í fún, pàápàá èyí tí eyín òkè rẹ̀ yọ síwájú jù, tàbí tí egungun àgbọ̀n òkè rẹ̀ fẹ́ dàgbà kọjá ti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo eyín tó yàtọ̀ ló ń fẹ́ ìtọ́jú. Àlàfo tó wà láàrin eyín iwájú méjì, tí a ń pè ní èjí, ẹwà ni lójú Yorùbá, ọ̀pọ̀ òbí á sì bínú bí dókítà bá dí i láìbéèrè. Ohun tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ń fẹ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́.

Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ nìyí:

*Irin ojú.* Wáyà méjì tí a jó pọ̀ níwájú, níbi tí ètè wà. Èyí tó wà nínú kò nípọn ju bíi mílímítà kan àti díẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ yí eyín òkè ká, orí rẹ̀ méjèèjì sì wọ inú ọ̀pá kékeré tí a lẹ̀ mọ́ eyín ẹ̀yìn ẹnu, eyín tí a fi ń rún oúnjẹ. Èyí tó wà lóde nípọn ju ti inú lọ, bíi mílímítà kan àbọ̀. Ó gba igun ẹnu jáde, ó sì nà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

*Okùn ọrùn tàbí okùn ipàkọ́.* Aṣọ tó nípọn ni a sábà fi ń ṣe é. Ìyẹn ni ìfẹsẹ̀tì wa.

*Ohun tó ń fà.* Rọ́bà tàbí sípíríǹgì tó so okùn mọ́ irin òde lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ibi tí okùn bá wà ló ń pinnu ibi tí eyín yóò lọ. Okùn ọrùn ń fa eyín ẹ̀yìn sẹ́yìn, ó sì ń fà á wá sísàlẹ̀ díẹ̀. Okùn ipàkọ́ ń fà á sẹ́yìn àti sókè. Bí a bá lo méjèèjì pọ̀, ìfà náà á tọ́ sẹ́yìn gbọnrangandan. Nítorí náà ọmọ tí ojú rẹ̀ gùn, tí ètè rẹ̀ kì í fẹ́ pàdé, kò yẹ fún okùn ọrùn nìkan, torí bí eyín ẹ̀yìn bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnu á túbọ̀ máa ṣí.

Èrò yìí ti pẹ́. Norman Kingsley ti ń fi orí ṣe ìfẹsẹ̀tì ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1860, Edward Angle náà sì lò ó kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà pa á tì fún rọ́bà inú ẹnu. Albin Oppenheim ló tún gbé e jáde ní 1936, nígbà tó sì di 1947, Silas Kloehn fi okùn ọrùn àti irin ojú hàn ní irú èyí tí a ṣì mọ̀ lónìí. Ní báyìí, skrúù kékeré tí a ń dè mọ́ egungun inú ẹnu ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, aṣàpẹẹrẹ tó bá lóye ohun èlò yìí ti lóye gbogbo ohun tí a ń dè mọ́ ara ọmọdé.

6.3 Ipá àti wákàtí

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko. Eyín kì í sún nítorí pé a tì í gidigidi. Ó ń sún nítorí pé ìtì fẹ́ẹ́rẹ́ tó pẹ́ lórí rẹ̀ mú kí egungun yọ́ níwájú rẹ̀, kí òmíràn sì hù lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìtẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà dé ibẹ̀, iṣẹ́ egungun á sì dúró. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, eyín máa ń rìn tó bíi mílímítà kan lóṣù.

Bí a bá fẹ́ kí eyín ẹ̀yìn kàn dúró síbi tó wà ni, ipá tó tó bíi 250 gíráàmù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 10 sí 12 lójúmọ́, ti tó. Bí a bá fẹ́ kó rìn sẹ́yìn, tàbí kí a dá egungun àgbọ̀n òkè dúró díẹ̀, ipá náà á lọ sókè sí 400 tàbí 500, wákàtí á sì di 12 sí 14. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń wọ̀ ọ́ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá pẹ̀lú rẹ̀, tó sì ń bá a sùn. Ẹ rántí èyí: púpọ̀ nínú wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wákàtí tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò mọ ohun tó ń ṣe.

6.4 Ìṣirò: kí ló wà nínú rọ́bà?

*(Àwọn iye yìí wà fún ìṣirò nìkan.)*

Ká sọ pé rọ́bà ẹ̀gbẹ́ kan ń fà pẹ̀lú ipá 400 gíráàmù, ìyẹn Newton 3.92, nígbà tí a bá fà á gùn ní mílímítà 20. Bí rọ́bà náà bá ń ṣe bíi sípíríǹgì, agbára tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ jẹ́ ìdajì ipá, ní ìlọ́po gígùn tí a fà á:

½ × 3.92 × 0.02 = Joule 0.039

Fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó di 0.078. Kò tó nǹkan.

Wàyí o, àbúrò ọmọ tó wọ ohun èlò náà di irin ojú mú níbi eré, ó sì fà á títí rọ́bà fi gùn dé mílímítà 80. Gígùn di ìlọ́po mẹ́rin, ipá náà sì di ìlọ́po mẹ́rin, Newton 15.7. Ṣùgbọ́n agbára ńkọ́?

½ × 15.7 × 0.08 = Joule 0.628; fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 1.256

Ìlọ́po mẹ́rin kọ́ ni agbára fi pọ̀ sí i. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni. Bí irin ojú bá wọn gíráàmù 10, tí ọwọ́ bá já, tí kò sì sí ohun tó dín in kù, ìyára rẹ̀ á jẹ́:

√(2 × 1.256 ÷ 0.010) = mítà 15.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan

Ìyẹn jẹ́ bíi kìlómítà 57 ní wákàtí kan, ìyára ọkọ̀ lójú títì. Ojú ọmọ ló sì ń bọ̀ wá bá. Ẹ̀kọ́ ìṣirò yìí ni pé ipá tí dókítà yàn kọ́ ni ewu. Ewu ni gígùn tí rọ́bà lè gùn kọjá ibi tí dókítà fi í sí. Bí a bá dí ọ̀nà yẹn, a ti gba kànnàkànnà kúrò nínú ìjánu.

6.5 Bí ìjàǹbá ṣe ń ṣẹlẹ̀

Samuels àti Jones, ní Bìrìtìnì, ṣàyẹ̀wò irú ìjàǹbá yìí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994. Ọ̀nà mẹ́rin ló hàn. Èkíní, irin yọ nígbà tí ọmọ ń ṣeré. Èkejì, ọmọ fúnra rẹ̀ bọ́ ọ tàbí wọ̀ ọ́ lọ́nà tí kò tọ́, bíi kó fa irin jáde láì tíì tú okùn. Ẹ̀kẹta, ọmọ mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ fà á. Ẹ̀kẹrin, irin yọ lójú oorun. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì ni kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, aṣàpẹẹrẹ tó bá ní “ẹ kàn kìlọ̀ fún ọmọ” kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni irin sábà máa ń gún, ìyẹn á sì jinná. Èyí tó ń ba àwọn dókítà lẹ́rù ni ojú. Ojú lọba ara, ọba yìí kò sì ní asà. Orí irin inú ti wà nínú itọ́ fún wákàtí púpọ̀, kòkòrò àrùn inú ẹnu sì kún ara rẹ̀. Ihò tó lu lójú lè kéré débi pé ọmọ á nu omijé, á sì padà sídìí eré. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì ni kòkòrò náà á ti bí sí i nínú ẹyinjú. Ojú ti fọ́ lára àwọn ọmọ kan báyìí, ìwé àwọn dókítà sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ara aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá ojú kejì tí irin kò fọwọ́ kàn jà.

6.6 Ọ̀nà ààbò mẹ́rin

*Ìdè ajọ̀wọ́.* Orúkọ tí a fún un níhìn-ín sọ iṣẹ́ rẹ̀: ìdè tó ń jọ̀wọ́. Ó wà láàrin okùn àti irin òde. Nígbà tí a bá fà á kọjá ibi tí a fi í sí, ó já sí méjì, rọ́bà á padà sí ẹ̀yìn orí, irin ojú á sì kù lọ́wọ́ ẹni tó fà á, láìní agbára kankan nínú. Ó kọjú sí ewu kànnàkànnà gan-an. Ibi tó kù sí ni pé kò lè dá irin dúró kó má yọ lójú oorun. Irin tí kò ní rọ́bà lára ṣì lè gún ojú bí ọmọ bá yí lé e.

*Okùn líle.* Okùn ike tí kì í nà, tó so irin òde ọ̀tún mọ́ ti òsì gba ẹ̀yìn ọrùn. Kì í fa eyín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé irin kò lè lọ síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí orí irin inú fi máa jáde kúrò nínú ọ̀pá rẹ̀. Bí ó bá dẹ̀ díẹ̀ jù, kò wúlò mọ́.

*Irin oníkọ́kọ́rọ́.* Irin ojú tó ní ìdè kékeré tó ń há mọ́ ọ̀pá eyín ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣí i ló lè yọ ọ́. Èyí ló dára jù fún ewu ojú oorun. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, ní kíákíá, bí ilé bá ń jó tàbí bí ó bá fẹ́ bì.

*Orí irin tí a ká.* Dípò kí orí irin inú mú bí abẹ́rẹ́, a ká a padà tàbí kí a fi ike bò ó. Kò ní kí irin má yọ. Ó kàn dín ohun tí irin lè ṣe kù lẹ́yìn tó bá ti yọ.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tó dí gbogbo ihò. Ìdè ajọ̀wọ́ ń gbọ́ ti ọ̀sán, irin oníkọ́kọ́rọ́ ń gbọ́ ti òru. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn àwọn dókítà atoyín ní Bìrìtìnì fi sọ pé ó kéré tán, ààbò méjì tó yàtọ̀ síra ló gbọ́dọ̀ wà lára ohun èlò orí kan. Bí a bá fi ìdè ajọ̀wọ́ méjì sí i, ọ̀kan náà la ṣì ní.

6.7 Títún ìwọ̀n ṣe: ta ni ó ni ihò yìí?

Ohun tí kò ṣeé tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe kò lè bá ọmọ tó ń dàgbà lò. Orí ń tóbi, eyín ń rìn, rọ́bà ń rọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rò pé bí ihò bá ṣe pọ̀ lára okùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò náà ṣe dára tó. Èrò yìí kò tọ́. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀nà kan tí a lè gbà ṣì í wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìṣirò wa. Ká ní ìdè ajọ̀wọ́ ti wà ní ìmúra láti já nígbà tí ipá bá dé Newton 5.9, bíi 600 gíráàmù, èyí tó bá gígùn mílímítà 30 mu. Ihò okùn jìn sí ara wọn ní mílímítà 5.

Ìyá ọmọ rò pé bí ó bá le sí i, ìtọ́jú á yá. Ó fi ihò méjì sún okùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Rọ́bà ti gùn dé mílímítà 30 kí ọmọ tó lọ sùn. Gbogbo ìgbà tó bá yí orí, ìdè á já. Lẹ́yìn òru mẹ́ta, ara ẹbí á ti gbóná, ọmọ á sì wá òwú, á fi so ìdè náà pọ̀ kó má já mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ààbò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mọ̀ bí kò ṣe òun.

Ká wá ní ó dẹ̀ ẹ́ ní ihò mẹ́rin, torí ọrùn ń dun ọmọ. Rọ́bà kò fà mọ́ rárá, eyín kò lọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Irin ní láti rin mílímítà 20 síwájú kí rọ́bà tó dé ibi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún máa rin 10 mìíràn kí ìdè tó já. Orí irin inú lè ti jáde kúrò nínú ọ̀pá tipẹ́.

Òfin àkọ́kọ́ tí a rí dì mú nìyí: *ní gbogbo ihò tí ohun èlò náà gbà láàyè, ìdè gbọ́dọ̀ já kí orí irin inú tó kúrò nínú ọ̀pá rẹ̀.* Ihò tí kò bá bá òfin yìí mu, kí aṣàpẹẹrẹ má lù ú.

Òfin kejì wá látinú ọ̀rọ̀ òwú: *ìdè kò gbọ́dọ̀ já nígbà tí kò yẹ.* Ààbò tó bá ń yọ ẹni lẹ́nu, ọwọ́ ẹni tó ń dáàbò bò ni yóò fi tú u ká.

Nígbà náà, a lè pín iṣẹ́ báyìí:

- Ti dókítà nìkan: gígùn àti ìtẹ̀sí irin òde, fífẹ̀ irin inú, ibi tí ìdè ajọ̀wọ́ ti ń já, ihò tí okùn wà, àti gígùn okùn líle. Dókítà á fi sikéèlì oní-sípíríǹgì wọn ipá lọ́tùn-ún àti lósì, á sì fi bírò sàmì sí ihò náà.
- Ti ará ilé: fífi kọ́ àti títú, fífọ aṣọ okùn, àti wíwo àmì bírò lálaalẹ́. Bí àmì bá ti kúrò níbi tó wà, kí ọmọ má wọ̀ ọ́ títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.
- Ti ọmọ: títú okùn kó tó fọwọ́ kan irin, nígbà gbogbo. Ṣíṣírò wákàtí sínú ìwé.

6.8 Orí ọmọ Ọ̀yọ́, ilé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Orí onírun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ òtútù ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọn púpọ̀ nínú ohun èlò yìí. Bí a bá gbé e wá sí àárín wa, àwọn ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn aṣàpẹẹrẹ.

*Irun.* Ọmọbìnrin tó di ṣùkú, irun rẹ̀ jókòó sí àtàrí. Okùn ipàkọ́ á máa yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Tó bá di kòlẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdí irun á kó jọ sí ọrùn, á sì ti okùn ọrùn síta. Orí kan náà, ihò kan náà, ṣùgbọ́n ipá ti yí padà. Ohun tó dára ni kí okùn ipàkọ́ ní ẹ̀ka méjì tó gba òkè àti ìsàlẹ̀ ìdì irun kọjá, kí dókítà sì wọn ipá pẹ̀lú irú dídì tí ọmọ sábà máa ń ṣe. Ọmọ tó ń fi ìborùn bo orí ní láti lè wọ ohun èlò náà sábẹ́ rẹ̀, kí aṣọ má sì há sínú ìdè ajọ̀wọ́.

*Ooru àti ọyẹ́.* Rọ́bà tí oòrùn pa lórí fèrèsé máa ń lẹ, á sì sán. Awọ tó mu òógùn máa ń le nígbà tó bá gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, á sì máa ha ara. Nítorí náà aṣọ tó ṣeé fọ̀ ló yẹ fún okùn, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a lè kọ́ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ: ẹ wo bí ó ṣe ń rán etí ihò kó má ya, bí ó sì ṣe ń fá etí okùn kó má gé ara.

*Ibùsùn.* Ọmọ mélòó ló ń dá nìkan sùn nínú ilé wa? Níbi tí ọmọ mẹ́ta bá jọ sùn lórí ẹní kan, ẹsẹ̀ àbúrò lè há sínú irin ojú lóru. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, irin oníkọ́kọ́rọ́ kúrò ní ohun ìgbádùn. Ó di dandan.

*Ọ̀nà.* Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ ìtọ́jú ilé ìwòsàn láti 1907, nígbà tí Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Bàtísì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ibi tó dá sílẹ̀ ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú eyín títò jẹ́ iṣẹ́ àwọn dókítà tí kò pọ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí ló sì ń wá wọn lọ sí ìlú ńlá. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn UCH wà láti 1957, tó bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà; Ọ̀yọ́ wà ní bíi ìdajì ọ̀nà. Ohun èlò tó bá nílò àtúnṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mu. Ohun tó bá ṣeé fi lé ará ilé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ rọrùn débi tí ìyá àgbà á fi lè fojú wò ó, kó sọ pé ó dára tàbí kò dára. Àmì bírò yẹn ń ṣe iṣẹ́ ìrìn àjò kan.

Ìkìlọ̀ fún ilé

Kí ọmọ má wọ̀ ọ́ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, kí ó má sì ru ẹrù lé e. Bí irin bá fara kan ojú, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má kán ohunkóhun sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú irin ojú náà dání. Bí ìdè ajọ̀wọ́ bá ń já lóru, ẹ má so ó. Ẹ bọ́ ọ kalẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà.

Àkópọ̀

Ohun èlò orí ń ya orí àti ọrùn lò gẹ́gẹ́ bí ìfẹsẹ̀tì láti fi ipá fẹ́ẹ́rẹ́ ti eyín fún wákàtí púpọ̀. Ewu rẹ̀ wà nínú gígùn tí rọ́bà lè gùn kọjá ibi tó yẹ, àti nínú orí irin tó lè jáde lóru. Ààbò méjì tó yàtọ̀ síra ló kéré jù. Títún ìwọ̀n ṣe kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ààbò: ihò tí ìdè kò bá ti lè jọ̀wọ́ lásìkò kò yẹ kó wà lára okùn.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a kò fi lè fi eyín kan ṣe ìfẹsẹ̀tì fún eyín mìíràn láìsí pé àwọn méjèèjì sún?
2. Ọmọ kan ń lo ipá 250 gíráàmù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rọ́bà tó gùn ní mílímítà 20. Ẹ ṣírò agbára inú rọ́bà méjèèjì. Bí a bá fà á dé mílímítà 60, ìlọ́po mélòó ni agbára náà yóò di?
3. Ilé ìtọ́jú kan fún ọmọ ní irin ojú tó ní ìdè ajọ̀wọ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní ààbò ti pé. Ẹ fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ṣìnà.
4. Nínú ìtàn ọmọ tó fi òwú so ìdè, ta ni ó kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe: ọmọ, ìyá, dókítà, tàbí aṣàpẹẹrẹ? Ẹ gbé ìdáhùn yín ka orí òfin méjèèjì inú 6.7.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ wá akèrègbè ńlá kan, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé, kí ọrùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀: ẹ ti ní orí àti ọrùn. Ẹ fi wáyà tó rọ̀ ṣe irin ojú, kí ẹ fi aṣọ ṣe okùn tó ní ihò márùn-ún, kí ẹ sì so rọ́bà mọ́ ọn. Ẹ lo ike tó ń há mọ́ra, irú ti àpò ìwé, gẹ́gẹ́ bí ìdè ajọ̀wọ́. Ní ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fa irin síwájú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú sikéèlì, kí ẹ kọ ipá àti gígùn tí ìdè fi já sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí gbọ́dọ̀ wọ awò ojú tó le. Ẹ má dán an wò lára èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú okùn yín lọ bá oníṣẹ́ awọ kan, kí ẹ bi í léèrè ihò tí òun ì bá dí pa. Ẹ kọ ìdí tó sọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi wé iye tí sikéèlì yín fún yín.